Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Tú Ìlà Ẹ̀yìn Tó Le Nínú Rọ́gbì Líìgì

Orí mẹ́fà tó ṣáájú ti kọ́ wa ní òfin eré yìí. A ti mọ bí a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, bí a ṣe ń jù ú fún ẹnìkejì, àti bí a ṣe ń mú alátakò balẹ̀ láì ṣe é léṣe. Orí tí a dé yìí jẹ́ ti ọgbọ́n orí. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá fẹ́ pàdé ẹgbẹ́ tí ẹ̀yìn wọn le, tí ènìyàn kì í rí àyè wọlé sí wọn lára bọ̀rọ̀, kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, kí sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá dé pápá?

Ìdáhùn wà, mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú un sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. A kì í fi agbára fọ́ ẹ̀yìn tó le. Ìlà ni irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, ìlà náà ni a ó sì tú. A ó ṣe é kó pẹ́ kí wọ́n tó tò, a ó mú kí àlàfo àárín wọn fẹ̀, a ó sì mú wọn sáré lọ sáré bọ̀ títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi wúwo. Agbára wà lára ohun tí a ó lò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ètò.

Sókótó ni a ó fi ṣe ibùdó àpẹẹrẹ wa. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹ̀yin ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975, àti pé ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ láti Kano tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Oṣù Kẹrin ni, pápá ìṣeré Giginya sì ni ẹ ó ti pàdé. Àpẹẹrẹ lásán ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n oòrùn Sókótó àti ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ètò tó dára ní Leeds tàbí ní Sydney lè bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Ti ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, èyí tí à ń pè ní líìgì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ni. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá 2019, nígbà tí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn wáyé ní Èkó, Nàìjíríà ló gba ife ẹ̀yẹ lẹ́yìn tí wọ́n na Morocco nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ eré yìí nílé báyìí yóò di akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́la. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ orí yìí.

Kí ló ń mú ẹ̀yìn le?

Ẹ rántí òfin tó bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní ìmúbalẹ̀ mẹ́fà láti lò. Bí wọ́n bá mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù balẹ̀, yóò dìde, yóò gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún húkà, ẹlẹgbẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti gbà á. Méjì péré nínú àwọn alátakò ló lè dúró níwájú rẹ̀. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ní mítà 10 kí wọ́n tó tún lè jáde. Nígbà tí ìmúbalẹ̀ kẹfà bá pé, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Nígbà kan, kò sí iye ìmúbalẹ̀ tó lè gba bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, ẹni tó bá sì lágbára lè dì í mú títí. Láyé ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ St George ní Sydney gba ife ẹ̀yẹ ìlú wọn ní ìgbà 11 léra wọn, láti 1956 dé 1966. Ní 1966 ni àwọn aláṣẹ eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpin sí i: ìmúbalẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì di mẹ́fà nígbà tí ọdún 1970 àti díẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tó bá mọ ẹ̀yìn mú lè dúró, kó fara dà á, kó sì dúró de ìmúbalẹ̀ kẹfà, nítorí ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá òun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Pápá fẹ̀ tó mítà 68. Àwọn alátakò jẹ́ mẹ́tàlá. Ẹ yọ méjì tó dúró níwájú ẹni tí wọ́n mú balẹ̀ kúrò, ẹ yọ ẹnì kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá. Ó ku mẹ́wàá. Èyí já sí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mítà 6.8 láti ṣọ́. Nígbà tó bá di ìmúbalẹ̀ karùn-ún, tí wọ́n bá ń retí pé ẹ ó ta bọ́ọ̀lù, àwọn méjì tó wà létí pápá yóò sún sẹ́yìn láti lọ dúró de bọ́ọ̀lù náà. Ó ku mẹ́jọ nínú ìlà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní mítà 8.5. Ẹni tó na apá rẹ̀ méjèèjì kò lè bo mítà méjì tán. Àlàfo wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kódà nínú ẹ̀yìn tó le jù láyé. Ohun tó ń dí àlàfo náà ni pé wọ́n jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jọ ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n sì ń pe ara wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ̀yìn kan ti ń rẹ̀, kó fi etí sí i. Ìlà tó ti dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni mọ́, ti fẹ́ já.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dènà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Àwọn kan máa ń sáré jáde bí ọfà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Irú wọn kórìíra bọ́ọ̀lù tí a ta sí ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì kórìíra kí a jù ú kúkúrú fún ẹni tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn kì í yára jáde, wọ́n máa ń rọra sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí etí pápá lè bá wọn ṣe ìdènà. Èyí tó ń pa wọ́n lára ni bọ́ọ̀lù tó yí padà wọ inú, síbi tí wọ́n ti kúrò. Àwọn kan sì wà tó máa ń kó jọ sí àárín, tí wọ́n fi etí pápá sílẹ̀. Kí a gbé e yá lọ sí etí ni tiwọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti gbá wọn jọ sí àárín dáadáa nìkan ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú: wíwo alátakò

Bí fídíò bá wà, ẹ wò ó. Bí kò bá sí, ẹ rán ẹni méjì lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn tó kàn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọn yóò máa wò. Àwọn tí kò ní bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n wò. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde nínú ìlà, ọ̀tún ni àbí òsì? Ta ló máa ń pẹ́ kó tó padà sí mítà 10? Nígbà tí wọ́n bá mú ènìyàn balẹ̀, ènìyàn mélòó ló ń di mọ́ ọn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń pẹ́ tó lórí rẹ̀? Àwọn ará etí pápá, ìmúbalẹ̀ kẹrin ni wọ́n ń sún sẹ́yìn ni, àbí wọ́n ń dúró di ìkarùn-ún?

Ẹni tó máa ń dá jáde nínú ìlà ni ẹ̀bùn tó tóbi jù. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan máa ń bẹ̀rù irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń mú ènìyàn lójijì. Ó yẹ kí inú wọn dùn sí i ni, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tó bá jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sáré sí i tààrà lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí ó mú ẹni náà, kí inú rẹ̀ sì dùn. Ní ìgbà kẹta, kí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù ṣe bí ẹni tó ń lọ sí i, kó sì jù ú gba ẹ̀yìn ẹni náà lọ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń wọ àlàfo tó fi sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tó yá nílẹ̀

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé kún fún àwòrán àti ọfà, tó kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà, tí kò sì kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń tètè dìde nílẹ̀. Àwòrán yẹn kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ rò ó báyìí. Lẹ́yìn ìmúbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn alátakò ní láti sún sẹ́yìn ní mítà 10, kí wọ́n tò, kí wọ́n sì tún jáde. Bí bọ́ọ̀lù bá padà sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹlòmíràn nínú wọn ṣì ń fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí húkà wa ti ń gbé bọ́ọ̀lù lọ. Bí ó bá pẹ́ tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, gbogbo wọn ti tò, wọ́n ti mí kanlẹ̀, wọ́n ti pe ara wọn. Ìlà kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀yìn tó le. Nítorí ìdí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ tó mọ ẹ̀yìn mú ṣe máa ń fi ènìyàn mẹ́ta di mọ́ ẹni kan ṣoṣo: wọ́n fẹ́ jẹ àkókò ni.

Báwo ni a ó ṣe gba àkókò náà padà? Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù má sáré sí àárín àyà ẹni tó dúró dè é. Kó sáré sí àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì, kí ọwọ́ wọn bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń ṣubú síwájú, ó sì lè dojú bolẹ̀ kó yára dìde. Èyí tí wọ́n mú láyà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń dá a dé, wọn yóò sì jókòó lé e. Èkejì ni pé kó máa gbé ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti bà á. Ẹni tó dúró lójú kan rọrùn fún wọn láti gbé sókè. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn ẹni kéékèèké tó yára máa gbé lára bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ ìmúbalẹ̀ mẹ́fà kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ṣòro fún ẹni ńlá láti di ẹni kékeré tó ń yí mọ́ ọn lọ́wọ́ mú. Kí húkà wa náà sì lajú: nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde kíákíá tí àwọn méjì tó wà níwájú kò tíì dúró dáadáa, kó gbé e fúnra rẹ̀ kó sì sáré. Mítà mẹ́jọ tí húkà bá sá báyìí ń ba ìlà jẹ́ ju mítà ogún tí ẹni ńlá fi ipá gbà lọ, nítorí gbogbo wọn ní láti yípo padà.

Àwọn ọmọ Sókótó tó dàgbà pẹ̀lú kokowa, ìjàkadì ilẹ̀ Haúsá, máa ń yára kọ́ apá yìí. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yí ìbàdí kúrò lábẹ́ ẹni tó fẹ́ dá ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n yóò wá irú wọn rí, yóò sì fi wọ́n ṣe olùkọ́ fún àwọn yòókù.

Ọ̀wọ́ ìmúbalẹ̀ mẹ́fà

Ẹgbẹ́ tí kò ní ètò máa ń lo ìmúbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Ẹgbẹ́ tó ní ètò mọ ibi tó fẹ́ kí ìkarùn-ún ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń kà padà láti ibẹ̀. Bí a bá fẹ́ ta bọ́ọ̀lù láti apá òsì, ìkẹrin gbọ́dọ̀ parí ní nǹkan bíi mítà 15 sí etí òsì, kí ààyè lè wà fún ẹni tó ń ta á. Bí a bá fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀tún pátápátá, a gbọ́dọ̀ ti lo méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ láti fà wọ́n lọ sí òsì.

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ìkejì àti ìkẹta ló sàn jù láti ṣe ohun ìyanu. Gbogbo ayé ń retí rẹ̀ ní ìkarùn-ún. Ẹ̀yìn tó le ti ṣètò ara rẹ̀ sílẹ̀ de ìkarùn-ún. Bí bọ́ọ̀lù bá yá nílẹ̀ ní ìkejì, tí ẹ sì rí i pé ènìyàn mẹ́ta tiyín dojú kọ méjì tiwọn ní etí, ẹ má dúró de ìkarùn-ún. Ẹ lọ.

Bọ́ọ̀lù tó jábọ́ lọ́wọ́ wa ni ẹ̀bùn tó tóbi jù tí a lè fún ẹ̀yìn tó le. Ó sinmi, ó sì gba bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ka iye ọ̀wọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lò parí, tí ó fi dé ìtabọ́ọ̀lù láì jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ nù. Iye yìí ṣe pàtàkì ju iye tráì lọ fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́.

Langa àti ẹni tó ń tan ojú

Eré ọmọdé kan wà ní Sókótó àti káàkiri ilẹ̀ Haúsá tí wọ́n ń pè ní langa. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń tọ, wọ́n á fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ kejì mú, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ni yóò sì gbìyànjú láti dé òdì-kejì nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá àwọn alátakò kúrò lọ́nà fún un. Ó wà lára àwọn eré ìbílẹ̀ tí wọ́n mú wọ inú ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ Nàìjíríà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí ohun ìkọ́ni, nítorí kò sí ọmọ tó ṣe langa dáadáa tí kò mọ bí a ṣe ń fi ojú wo àlàfo.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú langa tí rọ́gbì líìgì kò gbà. Nínú langa, ẹlẹgbẹ́ ẹni lè la ọ̀nà fún ni. Nínú rọ́gbì líìgì, ẹni tí kò ní bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dí alátakò lọ́nà. Bí ó bá dí i, rẹfirí yóò fọn fèrè, tráì tí a bá sì tibẹ̀ jẹ kò ní dúró. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù láti tú ẹ̀yìn tó le ni kí ẹnì kan sáré wọ inú ìlà bí ẹni pé òun ni bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá, kí bọ́ọ̀lù sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ bá ẹlòmíràn. Ẹni tó ń tan ojú yìí gbọ́dọ̀ gba inú àlàfo, kó má gbá ẹnikẹ́ni, kó sì máa sáré lọ láì dúró nínú ìlà. Alátakò gan-an ni kó yan láti tẹ̀ lé e. Ẹ fi èyí kọ́ wọn ní ìdánrawò lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń ṣe rẹfirí, títí tí ara yóò fi gbàgbé langa.

Bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀

Ìkarùn-ún dé, a kò sì tíì wọlé. A ó ta bọ́ọ̀lù. Àwọn tí kò mọ eré yìí rò pé títa bọ́ọ̀lù túmọ̀ sí pé a ti juwọ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, sí ẹ̀yìn tó le, ẹsẹ̀ ni ohun ìjà tó mú jù lọ tí a ní.

Bí a bá ta á gba ilẹ̀ wọ inú ibi ìfilélẹ̀ wọn, ẹ̀yìn ìlà òpó níbi tí a ti ń jẹ tráì, tí a sì mú ẹni tó gbé e níbẹ̀ kó tó jáde, àwọn ni yóò ta bọ́ọ̀lù padà fún wa láti abẹ́ òpó wọn. A tún ní ìmúbalẹ̀ mẹ́fà tuntun. Wọn kò sinmi. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ẹ̀yìn tó le yóò ti mú ènìyàn balẹ̀ ní bíi ìgbà mẹ́wàá láì rí bọ́ọ̀lù gbé jáde. Lẹ́yìn náà ni àlàfo mítà 6.8 yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí mítà mẹ́wàá.

Bọ́ọ̀lù tí a ta ga sókè wà fún alátakò kúkúrú tàbí èyí tí oòrùn dojú kọ. Èyí tó jìn tún wà: bí a bá ta á láti inú mítà 40 tiwa, tó balẹ̀ nínú pápá kó tó jáde ní etí nínú mítà 20 tiwọn, ọwọ́ wa ni bọ́ọ̀lù padà sí. Láti 1997 ni òfin yìí ti wà, ó sì ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ tó bá kó gbogbo ènìyàn rẹ̀ sínú ìlà.

Ohunkóhun tí a bá ta, kí a sáré tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 2020, nínú àṣekágbá líìgì England ní ìlú Hull, ẹgbẹ́ St Helens àti Wigan ti mú ara wọn débi pé àmì ayò ṣì jẹ́ 4–4 nígbà tí fèrè àkókò dún. Tommy Makinson ti St Helens ta bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn fún àmì kan péré. Ó gbá òpó, ó sì tún padà balẹ̀ sínú ibi ìfilélẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Jack Welsby, ti sáré tẹ̀ lé e. Òun ló kọ́kọ́ dé orí rẹ̀, St Helens sì gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú 8–4. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹgbẹ́ tí mo bá kọ́, nítorí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó le báyìí, sísáré lásán yẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹgbẹ́ Penrith: ẹ̀yìn tó le jù láyé wa

Láti 2021 dé 2024, ẹgbẹ́ Penrith ní Australia gba ife ẹ̀yẹ ní ìgbà mẹ́rin tẹ̀léra. Ní 2021, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 24 ti ìpele líìgì, àmì ayò 286 péré ni wọ́n gbà láti ọwọ́ gbogbo alátakò, tí kò tó 12 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ orí yìí, kó wo bí àwọn ènìyàn ṣe gbìyànjú láti bá wọn jà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2023, St Helens rin ìrìn-àjò láti England lọ bá wọn nílé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí ní 12–12, wọ́n sì lọ sí àfikún àkókò tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ àmì ló borí. Lewis Dodd ta àmì kan ṣoṣo wọlé. 13–12. Ẹ ṣàkíyèsí pé St Helens kò gbìyànjú láti jẹ tráì mẹ́wàá. Wọ́n di bọ́ọ̀lù tiwọn mú, wọ́n fara da ti Penrith, wọ́n sì ní ẹni tó lè ta bọ́ọ̀lù nígbà tó yẹ. Sí ẹ̀yìn tó le, àmì ayò kan níyì. Bí ẹ bá ti gba pẹ́nátì níwájú òpó, ẹ gba àmì méjì yín.

Àpẹẹrẹ kejì ń dunni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2023, Brisbane pàdé Penrith nínú àṣekágbá ní Sydney. Lẹ́yìn ìsinmi, Brisbane rí bọ́ọ̀lù tó yá nílẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí Penrith tó tò, Ezra Mam sì jẹ tráì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. 24–8 ni wọ́n fi ń borí, ó sì ku bíi ìṣẹ́jú 25. Wọ́n ti tú ẹ̀yìn tí gbogbo ènìyàn ní kò ṣeé tú. Síbẹ̀ wọ́n pàdánù rẹ̀, 26–24, nítorí pé Nathan Cleary ti Penrith gba eré náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, Brisbane kò sì tún rí bọ́ọ̀lù dì mú bí wọ́n ṣe dì í tẹ́lẹ̀. Ètò títú ẹ̀yìn tí kò ní ètò fún ìgbà tí a bá ń borí kò tíì pé. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ: kí ni a ó ṣe tí a bá fi àmì 12 ṣáájú? Èrò tèmi ni pé kí ìyára wa dín kù díẹ̀, kí a má jù ú jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n kí a má dá ìtabọ́ọ̀lù jíjìn dúró.

Oòrùn àti ilẹ̀ Sókótó

Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, ooru ọ̀sán ní Sókótó sábà máa ń kọjá 40°C. Ẹgbẹ́ tó ń dènà ń lo agbára ju ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ, nítorí wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń jáde, wọ́n ń di ènìyàn mú, wọ́n sì ń dìde. Nínú ooru yìí, ìyàtọ̀ náà di ìlọ́po. Èyí ni ìdí tí mo fi gbà pé ní Sókótó, ètò tó dá lórí ọ̀wọ́ tuntun léraléra dára ju ètò tó dá lórí ọ̀nà àrà lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Kano máa sáré ní ìdajì àkọ́kọ́, kódà bí àmì ayò kò bá tíì wọlé. Ẹ kó ìjẹ tráì yín de ìṣẹ́jú 20 tó kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ooru kò mọ ẹnìkan. Òfin gba ẹni mẹ́rin níta, ó sì gba ìpààrọ̀ mẹ́jọ. Ẹ má lo ju mẹ́ta lọ kó tó di ìsinmi. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá rẹfirí àti ẹgbẹ́ kejì sọ ọ́ ṣáájú pé kí àyè ìmumi wà nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá bọ́ sínú Ramadan, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín sì ń gbààwẹ̀, kí ìdánrawò tó le wáyé lẹ́yìn ìṣínu, kí àwọn wákàtí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti rírìn àti sísọ̀rọ̀ lórí ètò. Ìlera ọmọ ènìyàn ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan lọ. Ẹni tí òòyì bá kọ́, kó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ le ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Bọ́ọ̀lù tí a ta gba ilẹ̀ yóò sá jìnnà ju bí a ṣe rò lọ, yóò sì kọjá ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Bí ó bá kọjá, àwọn alátakò yóò bẹ̀rẹ̀ láti mítà 20 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ wa sì ti ṣòfò. Kí ẹni tó ń ta á fi ìdajì agbára rẹ̀ ta á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan náà yìí ló ń ran bọ́ọ̀lù jíjìn ti mítà 40 sí 20 lọ́wọ́, nítorí ó ń yí lọ kó tó jáde. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn pẹ̀lú eruku, bọ́ọ̀lù gíga sì di ohun tó ṣòro láti mú. Ẹgbẹ́ tó bá jáwé olúborí níbi jíju owó, kó yan ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdajì kejì, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn alátakò bá ti wúwo. Nígbà òjò, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ẹ gbàgbé jíjù jíjìn. Bọ́ọ̀lù ń yọ̀, àárín sì ni ẹ ó ti ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ya pápá kan tó fẹ̀ ní mítà 68 sórí ìwé. Fi àmì mẹ́tàlá ti alátakò tó ń sáré jáde láti apá òsì sí i, kí ẹni kẹta láti òsì jẹ́ ẹni tó máa ń dá jáde. Kọ ọ̀wọ́ ìmúbalẹ̀ mẹ́fà kan tí yóò lo àṣìṣe rẹ̀ ní ìmúbalẹ̀ kẹta, kí o sì sọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ọ̀wọ́ mìíràn fún ọ̀sán oṣù Kẹrin ní Giginya, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ fi àmì mẹ́fà ṣáájú, tí ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbé méjèèjì lọ sí pápá pẹ̀lú ẹni mẹ́tàlá dojú kọ mẹ́tàlá, kí ẹnì kan fi aago ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí bọ́ọ̀lù fi ń padà sẹ́yìn lẹ́yìn ìmúbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá kọjá mẹ́ta léraléra, fi àwòrán sílẹ̀, padà sí ìdánrawò bí a ṣe ń dìde nílẹ̀, kí o tó tẹ̀síwájú sí orí kẹjọ.